KÓKÓ ARA GBÒǸGBÒ Ẹ̀WÀ: Ọ̀RẸ́ NI TÀBÍ Ọ̀TÁ?

Àgbẹ̀ tí ó bá hú ẹ̀wà ní oko rẹ̀ ní Lánlátẹ̀, nígbà tí ó ń tanná, yóò rí kókó wẹ́wẹ́ bí ìlẹ̀kẹ̀ lára gbòǹgbò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ a máa rò pé àrùn ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́: ilé àlejò ni, ẹ̀wà fúnra rẹ̀ ni ó sì kọ́ ọ.

Nínú ìdá 100 afẹ́fẹ́, 78 ni náítírójìn, oúnjẹ pàtàkì fún ewéko. Ṣùgbọ́n ewéko kò lè jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1888, Hellriegel àti Wilfarth ti ilẹ̀ Jámánì fi hàn pé inú àwọn kókó wọ̀nyí ni ẹ̀wà àti ẹbí rẹ̀ ti ń rí i gbà. Kòkòrò àìfojúrí ni ó ń sè é fún wọn. Ẹ̀wà a sì fi ṣúgà san owó iṣẹ́.

Báwo ni gbòǹgbò tí kò lójú ṣe ń mọ ọ̀rẹ́? Òun ni ó kọ́kọ́ ń tú èròjà kan sí ilẹ̀ bí ìpè. Kòkòrò náà a sì fi èròjà tirẹ̀ dáhùn. Bí ìdáhùn yìí bá ti kan irun gbòǹgbò, kálísíọ́ọ̀mù, èyí tí ó wà nínú egungun àti èèpo ẹyin, a máa ru sókè, a sì máa rọlẹ̀, ní àárín gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì, ní bí ìṣẹ́jú kan sí méjì síra wọn, bí ẹni ń lu ìlù. Ní ọdún 1996 ni àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ròyìn ìlù yìí nínú ewéko kan tí ó jẹ́ ẹbí ẹ̀wà. Nípa rẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì fi ń mọ̀ pé kí òun ṣí ilẹ̀kùn. Bí kòkòrò àrùn bá dé, kálísíọ́ọ̀mù a ru pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ìlù ogun ni. Sẹ́ẹ̀lì a sì mú ògiri rẹ̀ nípọn.

Kí àgbẹ̀ kíyè sí i: kókó ọ̀rẹ́ a máa bọ́ bí a bá rọra fi ìka tì í, bí a bá là á, inú rẹ̀ a pupa díẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ ń lọ. Kókó tí aràn wẹ́wẹ́ inú ilẹ̀ fà kì í bọ́, nítorí gbòǹgbò gan-an ni ó wú; irú ẹ̀wà bẹ́ẹ̀ ni kí a hú, kí a sì sun ún.

Kí a má ṣe da ajílẹ̀ náítírójìn púpọ̀ sí ìdí ẹ̀wà, nítorí ẹni tí ó ti yó kì í ṣe àlejò. Nígbà ìkórè, kí a gé e ní ìdí, kí a fi gbòǹgbò sílẹ̀. Àgbàdo tí ó bá tẹ̀lé e yóò jẹ nínú rẹ̀. Ẹlẹ́dàá tí ó fi ọgbọ́n fún gbòǹgbò kò fi í du àgbẹ̀.