Àwòrán Iṣẹ́ Ẹ̀rọ: Kí Ló Dé Tí Kò Gbọ́dọ̀ Ní Ìtumọ̀ Méjì?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹni tó bá mọ àwòrán yà dáadáa nìkan ló lè ya àwòrán iṣẹ́ ẹ̀rọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwòrán iṣẹ́ ẹ̀rọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà. Iṣẹ́ ni a fi ń ránni. Ẹni tó yà á lè wà ní Èkó, kí ẹni tó máa gé irin náà wà ní Nnewi, kí wọ́n má sì fojú kanra wọn láéláé. Bí ìwé náà bá ní ìtumọ̀ méjì, irin ló máa bàjẹ́, owó ẹnì kan ló sì máa bá a lọ.

Àwọn baba wa mọ èyí nínú àrokò. Owó ẹyọ méjì tí a so pọ̀ tí wọ́n kọjú síra, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ìyapa ni. Owó ẹyọ kan náà o! Bí a ṣe tò ó ló yàtọ̀. Ẹni tó fi ránṣẹ́ àti ẹni tó gbà á gbọ́dọ̀ mọ òfin kan náà. Mẹ́rin ni òfin tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání.

Èkíní ni ìrísí mẹ́ta. Ẹ wo búlọ́ọ̀kù tí à ń fi kọ́lé, èyí tó gùn tó mìlímítà 450, tó fẹ̀ tó 225, tó sì ga tó 225. Bí a bá dúró gangan níwájú rẹ̀, a ò ní mọ̀ pé ihò wà nínú rẹ̀. Bí a bá wò ó láti òkè, ihò méjì yọ. Bí a bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, onígun mẹ́rin tó dọ́gba la rí. Kò sí ọ̀kan tó dá sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán. Àfi ká kà wọ́n pọ̀. Gaspard Monge, ará Faransé tí wọ́n bí ní 1746, ló sọ ọgbọ́n yìí di ẹ̀kọ́ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nílé ẹ̀kọ́ àwọn ológun ní Mézières. Àwọn ológun fi ṣe àṣírí fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó tó wá kọ́ni ní gbangba ní Paris ní 1795.

Èkejì ni ìlà. Ìlà tó nípọn tí kò já ni etí tí ojú ń rí. Ìlà tó ń já wẹ́wẹ́ ni ohun tó pamọ́, bí ihò búlọ́ọ̀kù nígbà tí a wò ó láti iwájú. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn, tó kúrú, tó tún gùn, ló ń fi àárín ihò hàn.

Ẹ̀kẹta ni ìwọ̀n. Bí a bá ya búlọ́ọ̀kù yẹn ní 1:5, mìlímítà 90 ló máa gùn lórí ìwé, ṣùgbọ́n 450 la máa kọ sí i. Nítorí náà, ẹ má fi rúlà wọn àwòrán; nọ́ńbà tí a kọ ni kí ẹ gbà. Ẹ̀rọ fótókọ́pì lè sún ìwé kì.

Ẹ̀kẹrin ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù: ibi tí a to ìrísí sí. Ní ọ̀nà igun kìíní, tó wọ́pọ̀ ní Yúróòpù, ohun tí a rí láti òkè máa ń wà nísàlẹ̀ ìrísí iwájú, ohun tí a rí láti òsì a sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ní ọ̀nà igun kẹta, tí Amẹ́ríkà ń lò, òkè wà lókè, òsì wà lósì. Ẹ̀rọ sì ń wọlé sí Nàìjíríà láti ibi méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé a ká irin kan bíi lẹ́tà U, apá òsì rẹ̀ nìkan la fẹ́ lu. Ẹni tó lo igun kìíní máa ya apá náà, tòun ti ihò rẹ̀, sí ọwọ́ ọ̀tún ìwé. Bí ẹni tó di dírììlì mú bá fi ojú igun kẹta kà á, apá ọ̀tún ló máa lu. Irin tí a ti lu kì í padà di odidi.

Kí la máa ṣe? Ẹ wo igun ìwé, ẹ ó rí àmì kan: bí ife tí a dà dùbúlẹ̀, pẹ̀lú òbìrí méjì, ọ̀kan nínú ìkejì. Bí òbìrí náà bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí ife tó kéré, igun kẹta ni. Bó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀ tó fẹ̀, igun kìíní ni. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìrísí iwájú: apá tí ihò wà ni ìlà tó ń já gbọ́dọ̀ wà. Bí ìrísí méjì ò bá fohùn ṣọ̀kan, ẹ gbé dírììlì sílẹ̀, kí ẹ pe ẹni tó yà á.

Kọ̀ǹpútà ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ pẹ́ńsùlù, àmọ́ kò pa àwọn òfin yìí rẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó mú páálí ìṣáná, kó ya ìrísí mẹ́ta rẹ̀, kó kọ ìwọ̀n sí i, kó wá gbé e fún ẹni tí kò rí páálí náà. Bí onítọ̀hún bá lè fi páálí gé irú rẹ̀ láì béèrè ọ̀rọ̀ kankan, àwòrán yẹn ti jíṣẹ́.