Ẹ̀ẹ̀rùn La Ń Tún Ilé Ṣe De Òjò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Ìgbà ara là á búra, ẹnìkan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn." Ohun gbogbo ló ní àkókò tirẹ̀, àtúnṣe ilé náà kò sì yọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá rìn káàkiri Ìlọrin lóde òní, ì báà ṣe Ìdí-Àpé tàbí Pàkátà, yóò rí i pé ìgbà tí òjò bá ti ń jò sórí ibùsùn ni ọ̀pọ̀ baálé ń sáré wá káfíńtà kiri. Àṣà àwọn baba wa kọ́ nìyí.

Orúkọ ìlú wa pàápàá ń kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ìtàn tí a bá lẹ́nu àwọn àgbà ni pé òkúta tí wọ́n fi ń lọ irin ló sọ ilẹ̀ yìí di Ìlọrin. Ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ yóò kọ́kọ́ lọ irin rẹ̀ kí ó mú.

Ní Ìlọrin, òjò a máa bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Kẹrin, a sì máa dá ní oṣù Kẹwàá, tí àwọn àgbà ń pè ní Ọ̀wàrà. Láti oṣù Kọkànlá di oṣù Kẹta, ẹ̀ẹ̀rùn ló ń jọba, ọyẹ́ sì ń fẹ́ láàárín rẹ̀. Oṣù márùn-ún yìí ni ìgbà ilé.

Láyé ìgbà tí koríko ni a fi ń bo ilé, ọgbọ́n ńlá wà nínú yíyan ọjọ́. Bí a bá gé bẹẹrẹ nígbà tó ṣì tutù, yóò jẹrà lórí ilé. Bí a bá sì fi falẹ̀, iná ọ̀dàn yóò ti jó o tán. Àárín méjèèjì yìí ni tọmọdé tàgbà ń lọ gé e. Ọ̀rọ̀ náà tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe ọdún Bẹẹrẹ ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, tí àwọn ìlú abẹ́ rẹ̀ sì ń kó koríko náà lọ fún Aláàfin láti fi bo ààfin. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, sọ pé iye ọdún Bẹẹrẹ tí ọba bá ṣe ni wọ́n fi ń ka ọdún rẹ̀ lórí oyè. Ẹ ò rí nǹkan! Koríko òrùlé ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí ìjọba.

Ògiri amọ̀ náà ní òfin tirẹ̀. A kì í mọ ọ́n gòkè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. A ó mọ ipele kan, a ó jẹ́ kí oòrùn gbẹ ẹ́ dáadáa, kí a tó gbé òmíràn lé e. Ta ni ó lè ṣe èyí nínú òjò? Bí àwọn ọkùnrin bá parí, àwọn obìnrin á po ìgbẹ́ màlúù mọ́ amọ̀, wọn á fi rẹ́ ògiri kí ó lè dán, kí ó má sì tètè sán. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ náà. Mágàjí yóò dá ọjọ́, onílé yóò gbé oúnjẹ kalẹ̀, àna àti aládùúgbò yóò péjú. Lọ́jọ́ mìíràn, ó kan ilé ẹlòmíràn.

Ẹnìkan lè wí pé, "Páànù àti síméǹtì ti dé, kí ló tún kàn wá nípa ẹ̀ẹ̀rùn?" Ó kàn wá o. Ìjì tí ń ṣáájú àkọ́rọ̀ òjò kì í mọ ẹni ọ̀wọ̀. Kí oṣù Kejì tó parí ló yẹ kí a ti kan páànù tó ti ń mì. Ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí omi ilẹ̀ bá ti lọ sísàlẹ̀ pátápátá, la ń gbẹ́ kànga. Èyí tí a bá gbẹ́ nínú òjò a máa tan onílé jẹ: yóò kún lónìí, yóò gbẹ bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé. Ọyẹ́ a máa mú kí igi sún kì; ilẹ̀kùn tí a bá gé rẹ́gí nínú ọyẹ́ yóò wú nígbà òjò, kò sì ní ṣeé tì. Síméǹtì tí a bá rẹ́ nínú ọyẹ́ ń fẹ́ omi tí a ó máa wọ́n ọn fún bí ọjọ́ méje, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò sán.

Èyí tó ń dunni jù ni ilé ẹbí. Àwọn ọmọ ti tú ká sí Èkó, Àbújá àti òkè òkun. Oníkálukú ń wí pé, "Ilé gbogbo wa ni," kò sì sí ẹni tó ń gun òrùlé wò. Páànù kan ṣoṣo a ṣí, omi a máa wọ orí ògiri amọ̀, kí òjò ọdún náà sì tó dá, yàrá tí a ti sọ wá lórúkọ ti di òkìtì.

Ọ̀pọ̀ ẹbí ń dúró de Iléyá kí wọ́n tó pàdé lórí àtúnṣe. Ó dára, ṣùgbọ́n oṣù ojú ọ̀run ni Iléyá ń tẹ̀ lé. Bí ọjọ́ mọ́kànlá ló fi ń ṣáájú lọ́dọọdún. Ní 2006, ó bọ́ sí oṣù Kìíní, nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ní 2025, oṣù Kẹfà ni, nínú òjò. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á dáwó nígbà Iléyá, kí Mágàjí sì dá ọjọ́ iṣẹ́ sí ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ bi àwọn àgbà léèrè bí wọ́n ṣe mọ ilé tí ẹ ń gbé. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má fi ọgbọ́n náà sínú. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, òjò sì ń ránṣẹ́ sí wa lọ́dọọdún kí ó tó dé.