Ọ̀rọ̀ Tó Yí i Ká Ló Ń Tú u

Iṣẹ́ ìròyìn kíkà lórí rédíò ni mò ń ṣe. Bí akọ̀ròyìn bá tẹ "O ra oko tuntun" ránṣẹ́ láìfàmì sí i, kí ni kí n kà? Oko tí a ń ro ni, ọkọ́ tí a fi ń ro ó, àbí ọkọ̀? Ọkọ ìyàwó kọ́ ṣá, a kì í ra ìyẹn. Bí mo bá rí "dẹ́rẹ́bà" àti "táyà" níwájú, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Àmì ohùn nìkan kò tó. "Pa" kan náà la fi ń pa ejò, pa iná, pa àlọ́, pa owó. Èyí tó tẹ̀ lé e ló ń là á yé wa.

Ní 1979, onímọ̀ kan, David Swinney, mú káwọn ènìyàn gbọ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ kòkòrò, tó tún ń jẹ́ ẹ̀rọ tí amí fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀. Ìtumọ̀ méjèèjì ló kọ́kọ́ ta jí lọ́pọlọ wọn, bí gbólóhùn tilẹ̀ ti tọ́ka sí ọ̀kan. Kò pẹ́ rárá tó fi ku èyí tó bá gbólóhùn mu.

Nítorí náà, bí àtẹ̀jíṣẹ́ bá rú ọ lójú, má dúró sórí ọ̀rọ̀ kan. Ka ṣáájú, ka ẹ̀yìn.