Ta Ló Kọ́kọ́ Sọ Ọ́? Bí Àwọn Aṣèwádìí Ṣe Ń Tú Ìdí Ọ̀rọ̀ Tó Gbòde

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014, nígbà tí Ẹ̀bólà ti wọ Èkó, àtẹ̀jíṣẹ́ kan gba orí fóònù káàkiri Nàìjíríà: kí oníkálùkù fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn kan mu omi iyọ̀ náà pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 15 oṣù yẹn, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó kéré tán, ènìyàn méjì ti kú nídìí rẹ̀. Mẹ́jọ péré ni Ẹ̀bólà fúnra rẹ̀ pa ní Nàìjíríà.

Orísun irú ọ̀rọ̀ báyìí ni àwọn aṣèwádìí òdodo ọ̀rọ̀ kọ́kọ́ ń wá. “Dókítà kan ló sọ ọ́” kò tó wọn. Dókítà wo? Ilé ìwòsàn wo? Ọjọ́ wo? Bí gbogbo ẹni tó fi ránṣẹ́ bá ń nàka sí ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ ọ̀hún kò ní bàbá nìyẹn.

Ibi tí irọ́ bá ti fara pẹ́ òótọ́ ni iṣẹ́ wọn ti ń le. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, Ààrẹ Donald Trump yin chloroquine, oògùn ibà tí ilé gbogbo mọ̀, pé ó lè kápá Kòrónà. Kò pẹ́ tí àwọn tó lò ó lálòjù fi ń dé ilé ìwòsàn l’Ékòó. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ayédèrú, ẹnu Trump ló ti jáde. Ìwádìí tí wọ́n gbé e lé ló yẹ ní yíyẹ̀ wò: aláìsàn 36 péré ni wọ́n kà sí i ní ilẹ̀ Faransé, hydroxychloroquine, ìbátan chloroquine, ni wọ́n sì lò. Nígbà tí wọ́n dán an wò ní Bìrìtìkó pẹ̀lú aláìsàn tó lé ní 4,600, kò gba ẹ̀mí ẹnikẹ́ni là ju ìtọ́jú lásán lọ.

Ti àwòrán tún yàtọ̀. Ohun èlò ìwá-àwòrán bíi Google tàbí TinEye lè fi ibi tó ti jáde rí hàn. Pátákó ojú títì àti nọ́ńbà ọkọ̀ a sì máa tú àṣírí ìlú tí wọ́n ti yà á.

Àwọn àjọ aṣèwádìí bíi Africa Check, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2012, àti Dubawa ti Nàìjíríà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018, máa ń kọ ọ̀nà tí wọ́n gbà jáde, kí òǹkàwé lè tọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Wọ́n ń gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ará ìlú fún àyẹ̀wò. Kí ẹni tó bá fẹ́ fi ránṣẹ́ má tún un kọ rárá: àṣìkọ inú rẹ̀ gan-an lè jẹ́ ipasẹ̀ tí wọn yóò tọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́.