Ọdún Àkọ́kọ́ Lórí Ìsọ̀

Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìsọ̀, ẹ gbọ́ o. Ọdún àkọ́kọ́ ló ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn padà sílé, ìdí nìyí tá a fi fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀.

Ojú owó kì í ṣe èrè. Ká ní ẹ ra kẹ́ẹ̀gì epo ní ₦40,000, ẹ tà á ní ₦43,000. Ẹ yọ owó mọ́tò àti ti alábàárù, ₦1,200. Ó ku ₦1,800. Òun nìkan lẹ lè fi jẹun, kẹ́ ẹ sì fi dá àjọ.

Ẹ mọ ìgbà ọjà. Epo pupa a máa pọ̀ bí oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, a sì máa wọ́n bí ọdún bá ń lọ sópin. Ẹ̀wà tuntun ń ti Òkè Ọya bọ̀ lẹ́yìn ìkórè, ṣùgbọ́n èyí tí ò bá gbẹ, kòkòrò ni yóò bá yín jẹ ẹ́.

Oníbàárà tí kò tíì san àwìn àná, ẹ má gbé tòní fún un.

Nígbà tí owó béébà wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ẹni tó ń gba tiransífà ṣì ń rí tà. Ẹ gbà á, àmọ́ ẹ má wo fóònù oníbàárà. Ẹ jẹ́ kówó wọlé sí tiyín ná.

Ẹ má tẹ ìdí kóńgò wọnú. Oníbàárà á mọ̀, kò sì ní padà wá.

Ẹni tí ojú owó rẹ̀ bá pé dópin ọdún, bí èrè ò tilẹ̀ pọ̀, ó ti di ọlọ́jà nìyẹn.