Ojú Ọ̀run Náà Ní Ààlà: Iṣẹ́ Tí Máàpù Ń Ṣe Fún Awakọ̀ Òfuurufú

Ẹni tó bá dúró ní ìlú Tucker, ní ẹ̀gbẹ́ Atlanta, tó sì gbé ojú sókè ní ọjọ́ tí sánmà mọ́ gaara, kò ní pẹ́ kó tó rí bàálù: àwọn abara-ńlá tó ń lọ sí pápákọ̀ òfuurufú Hartsfield-Jackson tàbí tó ń ti ibẹ̀ bọ̀, àti àwọn kéékèèké tó ń gbéra ní pápákọ̀ DeKalb-Peachtree ní Chamblee, èyí tí tọmọdé tàgbà ibẹ̀ ń pè ní PDK. Àwọn baba wa ní ojú ọ̀run tẹ́ ẹyẹ fò láìfara kanra, òótọ́ sì ni wọ́n sọ ní ti ẹyẹ. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń sáré ju ọ̀pọ̀ ohun tí ń rìn lórí ilẹ̀ lọ, tó gbé ọ̀pọ̀ ẹ̀mí dání, tí kò sì lè dúró sójú kan láti bèèrè ọ̀nà, kò lè fi ojú ọ̀run ṣe ibi gbalasa tí olúkúlùkù ń gbà bó ṣe wù ú. Ibi tó dà bí òfìfo lójú àwa tí a wà nílẹ̀, ó ní ààlà, ó ní oríta, ó ní ibi tí a gbọ́dọ̀ tọrọ ààyè kí a tó wọ̀ ọ́, ó sì ní ibi tí ikú lúgọ sí. Máàpù ni ó ń fi gbogbo wọn han awakọ̀, èrò tèmi sì ni pé nínú gbogbo ohun èlò tó wà níwájú rẹ̀, kò sí èyí tí a fi ẹ̀mí ènìyàn rà tó o.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpáta Stone Mountain, tí kò jìnnà sí Tucker, ṣe àpẹẹrẹ. Òkúta ràbàtà ni, ó dá dúró gedegbe láàárín igbó, irú èyí tí ará Ìdànrè tàbí Ẹ̀gbá ọmọ Lísàbí yóò rí tí ọkàn rẹ̀ yóò fà sílé. Láti orí ilẹ̀ tó yí i ká, ó ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 825. Ṣùgbọ́n bí a bá wọ̀n ọ́n láti orí òkun, 1,686 ni góńgó rẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, nítorí aago tó ń sọ gíga bàálù fún awakọ̀, láti orí òkun ni ó ti ń kà á, kì í ṣe láti orí ilẹ̀ tí bàálù ń kọjá lórí rẹ̀. Ilẹ̀ PDK fúnra rẹ̀ fi bí ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ bàtà ga ju òkun lọ. Nítorí náà, àlejò awakọ̀ tí aago rẹ̀ ń ka 1,500 lè máa rò pé òun ti gòkè tó, bẹ́ẹ̀ ìdá mẹ́ta gíga yẹn péré ni ó wà láàárín òun àti ilẹ̀ PDK, orí àpáta náà sì ga jù ú lọ. Lọ́sàn-án, ojú yóò kìlọ̀ fún un. Lóru, tàbí nínú ìkùukùu, máàpù nìkan ló kù.

Máàpù tí FAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, ń ṣe fún irú àwọn awakọ̀ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n fi orúkọ Atlanta pè, ínṣì kan lórí rẹ̀ dúró fún nǹkan bíi máìlì mẹ́jọ. Wọ́n fi ilà pín in sí àpótí-àpótí, wọ́n sì tẹ nọ́ńbà gàdàgbà sínú àpótí kọ̀ọ̀kan, èyí tí kò sí òkè tàbí òpó tí a mọ̀ nínú àpótí náà tó ga jù ú lọ. Òpó tẹlifíṣọ̀n kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀kan láti orí òkun, ọ̀kan láti ìdí rẹ̀. Pápákọ̀ tó ní ilé ìṣọ́ tí àwọn adarí ti ń bá awakọ̀ sọ̀rọ̀, aró ni wọ́n fi yà á; èyí tí kò ní, àwọ̀ rẹ̀ ń pọ́n. Ààlà tó yí Hartsfield-Jackson ká, tí ojú ọ̀nà ìsáré bàálù márùn-ún wà nínú rẹ̀, wà níbẹ̀ ní ìpele-ìpele. Abẹ́ rẹ̀ ni PDK wà, ọmọ tó sì ń kọ́ṣẹ́ bàálù níbẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ìpele kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀, kó má baà ṣèèṣì yọjú síwájú bàálù ńlá láìgba àṣẹ.

Àlejò lójú, kò fi ríran. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí fún àwọn tó kọ́kọ́ ń fi bàálù kó lẹ́tà ní Amẹ́ríkà: ojú irin àti odò ni wọ́n ń wò tẹ̀ lé, àwọn mìíràn sì ń lo máàpù tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ ilẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Pitcairn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lẹ́tà láàárín New York àti Atlanta ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ọdún 1928, iná tí wọ́n gbé kọ́ sórí òpó ni awakọ̀ ń tọ̀ lóru, bí ìkùukùu bá sì ti bo iná náà, ó di kádàrá. Ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ ìgbà náà ni Elrey Jeppesen, tí wọ́n bí ní ọdún 1907. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kú lójú rẹ̀, ara rẹ̀ kò sì gbà á mọ́. Ó ra ìwé kékeré kan ní sẹ́ǹtì mẹ́wàá, ó sì ń kọ ohun gbogbo sínú rẹ̀: bí pápá ṣe gùn tó, bí òkè ṣe ga tó, nọ́ńbà tẹlifóònù àgbẹ̀ tó lè sọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí. Ó ń gun òkè fúnra rẹ̀, aago gíga lọ́wọ́, kó lè mọ òótọ́. Àwọn awakọ̀ yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ fún ẹ̀dà, nígbà tó sì di ọdún 1934 ó ń tà á ní dọ́là mẹ́wàá. Ilé iṣẹ́ tó ti inú ìwé yẹn jáde ṣì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Síbẹ̀, máàpù tó wà lọ́wọ́ kò tó. Ó gbọ́dọ̀ yé ẹni tó ń kà á àti ẹni tó ń darí rẹ̀ bákan náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 1974, bàálù TWA onínọ́ńbà 514 ń lọ sí Washington. Atẹ́gùn kò jẹ́ kó lè balẹ̀ sí pápákọ̀ National, wọ́n sì ní kó forí lé pápákọ̀ Dulles. Nígbà tó ku máìlì 44 kó débẹ̀, adarí sọ fún un pé ó ti láṣẹ láti máa bọ̀ wá balẹ̀. Lórí ìwé ìbalẹ̀ tó wà níwájú awakọ̀, ibì kan fi hàn pé kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 3,400 lọ títí yóò fi dé ibi tí wọ́n ń pè ní Round Hill; níbòmíràn lórí ìwé kan náà, 1,800 ló hàn. Ọ̀gá awakọ̀ rí 3,400 yìí, ó sọ ọ́ jáde, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ sì gbà á. Ṣùgbọ́n ó gbà pé àṣẹ adarí ti borí ìwé. Adarí ní tirẹ̀ gbà pé awakọ̀ yóò mójú tó gíga ara rẹ̀. Òkè Mount Weather sì wà níwájú nínú ìkùukùu. Ènìyàn 92 ló wà nínú bàálù náà, kò sí ẹyọ kan tó yè. Àwọn márùn-ún tó ṣe ìdájọ́ ọ̀rọ̀ náà kò fohùn ṣọ̀kan, mẹ́ta sọ́tùn-ún, méjì sósì, lórí ẹni tí ẹ̀bi náà wúwo fún jù. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n: lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n tún òfin àṣẹ ìbalẹ̀ ṣe kó má baà ní ìtumọ̀ méjì mọ́, wọ́n sì sọ ọ́ di dandan pé kí bàálù ńlá ní ẹ̀rọ tí ń ké bí ilẹ̀ bá ti súnmọ́ jù.

Àwọn kan yóò ní kọ̀ǹpútà ti dé, kí ni a tún fẹ́ fi máàpù ṣe? Kọ̀ǹpútà náà, máàpù ló wà nínú rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1995, awakọ̀ American Airlines 965 tó ń lọ sí Cali ní Kòlóńbíà tẹ lẹ́tà R, nítorí R ni ìwé ọwọ́ wọn fi sàmì sí rédíò Rozo nítòsí ìlú náà. Kọ̀ǹpútà mọ R sí Romeo, rédíò mìíràn nítòsí Bogotá, ó sì yí bàálù síhà òkè lóru. Ènìyàn 159 nínú 163 ló kú. Kí máàpù ibi gbogbo lè bára mu, gbogbo ayé ti fẹnu kò ṣáájú ìgbà yẹn pé ọjọ́ kan náà, Ọjọ́bọ̀, ní ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n-méjìdínlọ́gbọ̀n, ni àtúnṣe pàtàkì yóò máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbi gbogbo. Máàpù Atlanta tí a sọ níṣàájú, ọjọ́ 56 ni ọjọ́ orí rẹ̀. Tuntun gbọ́dọ̀ rọ́pò rẹ̀.

Ìpàdé Chicago ọdún 1944 ni ó bí àjọ ICAO tó so ọwọ́ gbogbo orílẹ̀-èdè pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ máàpù yìí, òun náà ló sì jẹ́ kó ṣeé ṣe fún awakọ̀ Delta, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti Atlanta tààrà lọ sí Èkó Àkéte, ilé ọgbọ́n, ní oṣù Kejìlá ọdún 2007, láti ka àmì kan náà níbi tó ti gbéra àti níbi tó ti balẹ̀. Ní Nàìjíríà, àjọ NAMA ló ń ṣe iṣẹ́ máàpù yìí. Ní Benin àti Togo, àjọ ASECNA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1959 ni.

Ṣùgbọ́n kò sí àjọ tó lè ya ohun tí kò mọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ohunkóhun tó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 200 lọ gbọ́dọ̀ sọ fún FAA ní ọjọ́ 45, ó kéré tán, kó tó bẹ̀rẹ̀. Nílé, ní Nàìjíríà, àjọ NCAA ni a ń gba àṣẹ gíga lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé òpó tẹlifóònù àti ti rédíò nàró, ìbáà jẹ́ ní Ìbàdàn tàbí ní Tucker, mo bẹ̀ yín, ẹ gba àṣẹ náà kí ẹ tó ri irin àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀, kí òpó yín lè wà lórí máàpù ṣáájú kí bàálù tó dé ibẹ̀.