Bí wọ́n ti ń ṣe l'Ékòó, èèwọ̀ Kútọnu: Òfin wo ló de àdéhùn òwò yín?

Ojoojúmọ́ ni àwọn oníṣòwò wa ń gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ kọjá, tí wọ́n ń ra ọjà ní Kútọnu, tí wọ́n sì ń tà á l'Ékòó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Èdè kì í fi bẹ́ẹ̀ dà wọ́n láàmú, nítorí ọmọ Yorùbá pọ̀ ní Kétu, Sákẹ́tẹ́ àti Àjàṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀ ni pé òfin tó de àdéhùn lọ́hùn-ún yàtọ̀ sí tiwa. Ìlérí tó di dandan ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ lè má ju ọ̀rọ̀ ẹnu lásán lọ ní Nàìjíríà.

Àwọn òyìnbó tó jọba lé wa lórí ló fa ìyàtọ̀ náà. Láti ọdún 1863 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti mú òfin wọn wọ Èkó. Àwọn Faransé ní tiwọn mú ìwé òfin tí Napoleon ṣe lọ́dún 1804 wá sí Dàhòmì, tó di Bẹ̀nẹ̀ lónìí. Lọ́dún 1993, Bẹ̀nẹ̀ àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn nílẹ̀ Áfíríkà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sọ Faransé, dá ẹgbẹ́ OHADA sílẹ̀ kí òfin òwò wọn lè jẹ́ ọ̀kan náà. Orílẹ̀-èdè mẹ́tàdínlógún ló wà níbẹ̀ báyìí, Tógò wà lára wọn. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo àpẹẹrẹ kan. Ìyá kan tó ń ta ankara lọ bá oníṣòwò kan pé òun fẹ́ ra ogún béèlì aṣọ. Ọkùnrin náà dárúkọ iye tí yóò tà á, ó ní, "Mo fún yín ní ọjọ́ mẹ́wàá láti fún mi lésì." Ìyá wá owó lọ. Lọ́jọ́ kẹta, ọkùnrin yìí ránṣẹ́ pé òun kò tà á fún un mọ́, ẹlòmíràn ti fowó lé e. Bó bá jẹ́ òfin tiwa ló de ọ̀rọ̀ náà, ìyá kò rí nǹkan kan ṣe. Ẹni tó fẹ́ ta ọjà lè yí ọkàn padà nígbàkigbà kí oníbàárà tó sọ pé òun gbà, àfi bí oníbàárà bá ti san nǹkan kan kí ó lè fi ọjà náà pa mọ́ fún un. Ṣùgbọ́n lábẹ́ òfin káràkátà OHADA, tí wọ́n tún ṣe ní oṣù Kejìlá ọdún 2010, ẹni tó bá ti dá ọjọ́ kò lè pa ohùn dà kí ọjọ́ náà tó pé.

Kí ló dé tó fi rí bẹ́ẹ̀? Òfin Gẹ̀ẹ́sì máa ń béèrè pé: kí lo fi sílẹ̀ nítorí ìlérí tí wọ́n ṣe fún ọ? Bí kò bá sí, kóòtù kò ní kà á sí àdéhùn, àfi bí ó bá wà nínú ìwé àdéhùn oní-èdìdì. Òfin tó ti ọ̀dọ̀ Faransé wá kò béèrè irú ìyẹn. Bí àwọn méjèèjì bá ti fẹnu kò tọkàntọkàn, ó tó.

Ọ̀rọ̀ gbèsè náà ńkọ́? Ẹnì kan jẹ yín ní mílíọ̀nù kan náírà, ẹ ní kó san ìdajì, kó máa lọ. Láti ọdún 1602 ni àwọn adájọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ nínú ẹjọ́ Pinnel pé owó tí kò pé kò lè pa gbèsè tó pé. Wọ́n ní bó bá fi ẹṣin, àṣá tàbí aṣọ kún un, ìyẹn lè pa á, nítorí ó lè wúlò fún olówó ju owó lọ. Nítorí náà, ẹ ṣì lè béèrè ìyókù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé adájọ́ lè gbèjà ajigbèsè tó ti gbára lé ọ̀rọ̀ yín. Ní Bẹ̀nẹ̀, bí ẹ bá ti fi gbèsè jì í, tí òun náà sì gbà, gbèsè náà kú nìyẹn.

Nítorí náà, kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú ará Kútọnu tàbí Lómẹ̀, ẹ ṣe nǹkan mẹ́rin wọ̀nyí. Èkíní, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé òfin orílẹ̀-èdè báyìí ni yóò de àdéhùn náà. Bí ẹ kò bá kọ ọ́, ẹjọ́ lórí òfin tí wọn yóò lò nìkan lè gba ọ̀pọ̀ oṣù. Èkejì, bí òfin wa lẹ bá mú, tí ẹ sì fẹ́ kí wọ́n fi ọjà pa mọ́ fún yín, ẹ san nǹkan díẹ̀ lé e, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Ẹ̀kẹta, ẹ kọ orúkọ ẹni tàbí ìgbìmọ̀ tí yóò parí ìjà, tí ìdájọ́ rẹ̀ yóò sì de ẹ̀yin méjèèjì. Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ wà nínú àdéhùn tí wọ́n ṣe ní New York lọ́dún 1958 láti máa fi ẹsẹ̀ irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ múlẹ̀, ó sì sábà máa ń rọrùn ju kí ẹ gbé ìdájọ́ kóòtù Èkó lọ sí Kútọnu. Ẹ̀kẹrin, bí ìwé náà bá jẹ́ ti Faransé, ẹ jẹ́ kí lọ́yà tó gbọ́ èdè náà kà á fún yín kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Owó lọ́yà lè dà bí ìnáwó lásán lójú ẹni tí èrè rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò tó owó béèlì kan lára ogún tó bọ́ mọ́ ìyá aláǹkara wa lọ́wọ́.